Ìyẹ̀fun Ṣọ́ọ̀kì fún Ẹ́ńjìnì Tó Ń Làágùn

Ilé wa, Ìlaròó.
Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Mojísọ́lá, ọmọ mi,

Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, n óò kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe, nítorí pé ohùn tí o fi pè mí lánàá kì í ṣe ohùn tí mo fi tọ́ ọ. O ní àbúrò mi tó ń tajà ní Owódé ló sọ ohun gbogbo fún ọ. Mo ti gbọ́ ohun tó sọ. Mo tò ó sísàlẹ̀ yìí, mo sì dáhùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní mo ń sọ káàkiri pé ọkọ̀ ojú omi tí o ti ń ṣiṣẹ́ ti jóná. Irọ́ ni. Ohun tí mo sọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ni pé ọ́ìlì ń jò lára jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ náà. Láàárín Ìlaròó sí Owódé ni ọ́ìlì ti di iná. Èmi kọ́ ni mo ṣáná sí i.

Wọ́n ní mo ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ọkọ̀ pé kí ó dá ọ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Irọ́ ni. N kò mọ ẹni náà, n kò sì ní nọ́ńbà rẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ ní in, n kò ní pè é. Ìwọ lo kàwé, ìwọ lo wá iṣẹ́, ìwọ ni yóò sì pinnu ọjọ́ tí o ó kúrò níbẹ̀.

Wọ́n ní mo sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ wọ yàrá ẹ́ńjìnì. Ẹni tó sọ èyí kò mọ̀ mí rárá. Èmi ni mo ra sípánà àkọ́kọ́ tí o ní láyé rẹ. Bàbá rẹ ló fẹ́ kí o ṣe nọ́ọ̀sì.

Wọ́n ní ẹ̀rù ń bà mí. Òótọ́ ni. Èyí nìkan ni òótọ́ nínú gbogbo rẹ̀, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ lẹ́tà yìí.

O lè béèrè pé kí ló dé tí n kò fi sọ ọ́ lórí fóònù. Mo gbìyànjú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́ padà lánàá, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Ọ̀rọ̀ náà kò gba ẹnu mi kọjá. Ó ṣeé ṣe kí ó gba ọwọ́ mi kọjá. Awakọ̀ tó máa ń gbé èrò láti gáréèjì wa lọ sí Èkó ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ lọ́la, pẹ̀lú agolo mílíìkì kan tí mo fi ọ̀rá dì lẹ́nu. Má ṣí agolo náà títí o ó fi ka lẹ́tà yìí tán.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ fún mi lọ́jọ́ Àìkú sọ, kí ìwọ náà lè gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

O ní oṣù kejì rẹ rèé nínú ọkọ̀ ẹja náà. O ní jẹnẹrétọ̀ tó ń mú kí ẹja dì ń jẹ ọ́ìlì. Pé ní àràárọ̀, bí o bá ki géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, bọ inú rẹ̀, o máa ń rí i pé ó ti fi ìwọ̀n fífẹ̀ ìka kan lọ sílẹ̀. Pé o máa ń bu òmíràn sí i, o máa ń nu abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ á sì máa lọ. O ní o fi tó ọ̀gá ọkọ̀ létí, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹlẹ́rọ, ẹ́ńjìnì tí kì í bá làágùn, ọ̀lẹ ni." O ní ará Àjàṣẹ́ tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní "sà va, sà va," pé kò séwu lédè Faransé, ó sì lọ sùn. O ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹ̀yin méjèèje tí ẹ wà nínú ọkọ̀ yóò gbéra lọ sí Kútọnu, àti pé kí ẹ tó gbéra, ìwọ ni yóò fọwọ́ sí ìwé pé jẹnẹrétọ̀ náà dára.

Lẹ́yìn náà ni o sọ fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Yàrá ẹ́ńjìnì mi mọ́ débi pé ẹ lè jẹun nílẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ló dẹ́rù bà mí. Ọ́ìlì lè jò lára ẹ́ńjìnì èyíkéyìí. Ìmọ́tótó rẹ ni n kò lè gbàgbé. Láti ọjọ́ náà, bí aládùúgbò wa bá ti tan jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀, mo máa ń dìde dúró. N kì í ṣe nǹkan kan. Mo kàn máa ń dúró títí yóò fi pa á.

Ìdí rèé.

Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ilé-ìwé kan ní apá Ayétòrò, irú èyí tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ wọn. Ọ̀gá ilé-ìwé pè mí, ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé jẹnẹrétọ̀, ó ní ẹni tó bá lè ya àwòrán ẹ́ńjìnì sára pátákó ló yẹ kí ó máa bójú tó ẹ́ńjìnì. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. N kò tíì fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì rí. Yíyà nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yà.

Ẹni tó ń tan ẹ̀rọ náà ní tòótọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ihunbo, ọmọ àgbẹ̀, tó ti kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì. Àlàní ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ ni. Nígbà náà, kò ju ẹni tí mo máa ń ní kí ó buwọ́ lùwé ní àràárọ̀ lọ.

Jẹnẹrétọ̀ náà ń jò. Ní àràárọ̀, àbàwọ́n ọ́ìlì dúdú kan máa ń wà lábẹ́ rẹ̀ tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. O mọ ilé tí a ti tọ́ mi. Ní agboolé wa, ọmọbìnrin tí oòrùn bá yọ bá ìdọ̀tí níwájú yàrá rẹ̀, ìtìjú ìyá rẹ̀ ni. Nítorí náà, mo máa ń mú àkísà, n óò dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn, n óò nu ilẹ̀, n óò nu ara ẹ̀rọ náà títí yóò fi dán. Ní ọjọ́ Ẹtì, bí ọ̀gá ilé-ìwé bá wá yẹ̀ ẹ́ wò, á fi ìka kan ara rẹ̀, á wo ìka náà, á ní, "Mísì, ó mọ́ bí àwo." Orí mi á wú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àlàní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

"Mísì, ta ní ń nu ẹ́ńjìnì yìí kí n tó dé?"

"Èmi ni. Ó dọ̀tí."

"Ẹ ṣeun o. Ẹ ti bá wa nu ẹlẹ́rìí dànù."

"Ẹlẹ́rìí wo?"

"Ọ́ìlì tó wà nílẹ̀. Òun ló yẹ kí ó sọ ibi tó ti ń bọ̀ fún mi. Ẹ ti nù ún kúrò, ẹ wá tún ń bi mí pé kí ló ń ṣe ẹ́ńjìnì."

Mo ní kí ó bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù tán, ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Mo bọ̀wọ̀, Mísì. Ẹ wò ó, aṣọ mi ò tilẹ̀ dọ̀tí."

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni ó gbé láfún wá láti ilé. Ẹnìkan ti sọ fún un pé bí a bá fọ ẹ́ńjìnì, tí a wá wọ́n ìyẹ̀fun funfun sí i lára, ibi tí ìyẹ̀fun bá ti rin ni ọ́ìlì ti ń jáde. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n onítọ̀hún kò sọ irú ìyẹ̀fun tí a ń wọ́n. Ìyẹ̀fun wo ló sì wà nílé àgbẹ̀ ní Ihunbo bí kò ṣe láfún? Ó wọ́n ọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ́ńjìnì gbóná, ọ́ìlì dé e, láfún sì jinná. Ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ojú bóòtì. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọgbà. Ìyá tó ń dáná fún àwọn ọmọ mú ọmọrogùn rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá bá wa níbẹ̀.

"Ta ní ń ro ọkà láìpe èmi? Ẹ̀yin tíṣà, ṣé ọbẹ̀ ọ́ìlì náà lẹ ó fi jẹ ẹ́ ni?"

Ọjọ́ méjì ni Àlàní fi ha á kúrò. Mo rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo rẹ́rìn-ín tán, mo sọ ohun kan ṣoṣo tó mọ́gbọ́n dání ní gbogbo ìgbà tí mo fi di kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ mú: mo ní ṣọ́ọ̀kì kì í jinná. Páálí rẹ̀ kún yàrá mi. A fi ọlọ lọ ọ́, ó kúnná, ó sì gbẹ. A fọ ẹ́ńjìnì, a wọ́n ṣọ́ọ̀kì sí ìdajì rẹ̀ ti ìsàlẹ̀, ibi tí ọ́ìlì máa ń wà, a tan án díẹ̀, a pa á. Ara fíltà tó ń sẹ́ ọ́ìlì rin.

"Fíltà ni," ni mo wí.

Àlàní tan tọ́ọ̀ṣì sókè. "Fíltà ló rin, Mísì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n a ò wọ́n nǹkan kan sí òkè. Ọ́ìlì kì í gun igi. Ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀la, kí n yẹ òkè wò."

Ọjọ́ Ẹtì ni. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́. Àwọn òbí ti ń wọlé fún àpèjọ ilé-ìwé, ọ̀gá ilé-ìwé sì yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo. Ó kàn béèrè: "Mísì, ṣé iná yóò wà?"

Mo ní, "Yóò wà, sà."

Ó lọ. Mo yíjú sí Àlàní. Mo ní kí ó mú fíltà náà le, kí ó sì tan ẹ̀rọ.

"Mísì, ẹ jẹ́ ká..."

"Mo ní kí o tan án."

Ó tan án.

Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè, kò nípọn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Òun ló ń gbé ọ́ìlì lọ sí ara aago tó ń fi agbára ọ́ìlì hàn. Ó ti ń ha ara irin kan láti ìgbà pípẹ́. Òun ló ń jò láti ìbẹ̀rẹ̀; ọ́ìlì rẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ṣàn wálẹ̀, ó ń kóra jọ sí ara fíltà, èmi sì ń nù ún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bẹ́. Ọ́ìlì tú jáde sára páìpù èéfín tó ti gbóná janjan. N kò ní ṣàpèjúwe bí ó ṣe gbiná. Ibi tí a ti ń pa ẹ́ńjìnì wà lẹ́yìn iná náà. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró síbẹ̀. Bàbá rẹ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba inú iná kọjá, ó sì pa á.

O mọ ọwọ́ náà. O mọ ìka méjì tí kì í ká. A sọ fún ọ pé epo pupa gbígbóná ló dà sí i nígbà tó wà ní kékeré. Irọ́ ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ pa á. Ó kàn bá mi gbè é ni.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ ìlà kan ṣoṣo: *Òṣìṣẹ́ kò ṣọ́ra.* Mo fọwọ́ sí i. Ìlà yẹn ni wọ́n fi lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò lè kọ ìwé dá wọn lóhùn, nítorí ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé ló jóná.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Tèmi lọ ju ogún ọdún lọ. Òní ni òótọ́ bá a.

Gbọ́ ìmọ̀ràn mi nísinsìnyí, Àníkẹ́. N óò fi nọ́ńbà sí i. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, nọ́ńbà ni mo máa ń dì mú.

1. Má nu ọ́ìlì náà mọ́ títí o ó fi wò ó. Tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ ẹ̀rọ, kí o sì wo ibi tó kán sí. Fi ìka tọ́ ọ, gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ṣàn bí omi tó sì ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe ọ́ìlì ló ń jò, ewu rẹ̀ sì tóbi ju èyí tí o rò lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ yín ní ẹ́ńjìnì ń làágùn. Adìẹ náà ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àkísà rẹ ni ìyẹ́ náà.

2. Nígbà tí o bá ti wò ó, tí o sì ti kọ ohun tí o rí sílẹ̀, nígbà náà ni kí o fọ̀ ọ́, lẹ́ẹ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti kú tó sì ti tutù. Má jẹ́ kí omi kan ibi tí wáyà wà. Jẹ́ kí ó gbẹ.

3. Ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ló wà nínú agolo. Èmi ni mo lọ̀ ọ́, mo sì fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Funfun nìkan ni mo lò. Aláwọ̀ kì í jẹ́ kí a tètè rí ibi tó rin. Fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi í sí gbogbo oríkèé ẹ̀rọ náà àti gbogbo páìpù tẹ́ẹ́rẹ́, lókè ṣáájú. Má jẹ́ kí ó súnmọ́ ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Má ṣe wọ́n ọn nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sì tó, má fi láfún kún un. N kò ṣàwàdà.

4. Kí o tó tan án, wá ibi tí a ti ń pa á. Rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀ pẹ̀lú ojú dídì. Bí o bá ní láti na ọwọ́ kọjá lórí ohunkóhun tó ń gbóná kí o tó dé ibẹ̀, má tan án rárá. Kọ́kọ́ wá ọ̀nà mìíràn tí a óò fi máa pa á. Bí o kò bá ka ohun mìíràn nínú lẹ́tà yìí, ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Bí o bá tan án, kí ó jẹ́ fún ìgbà díẹ̀, láìgbé ẹrù lé e, ìyẹn láìjẹ́ kí ó gbé iná fún ohunkóhun; lẹ́yìn náà, kí o gbé ẹrù lé e. Ká apá aṣọ rẹ. Di irun rẹ. Jí ará Àjàṣẹ́ yẹn, kí ó dúró síbi tí a ti ń pa ẹ̀rọ, kí ojú rẹ̀ sì là. Dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ojú ni kí o lò, má lo ọwọ́.

5. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ibi tí o bá ti rí ọ́ìlì kì í ṣe ibi tó ti ń bọ̀. Ó máa ń rìn. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ó máa ń rìn ju bó ṣe ń rìn nílẹ̀ lọ, nítorí ọkọ̀ a máa fì, fáànù ẹ̀rọ a sì máa fẹ́ ẹ sẹ́yìn. Béèrè apá ibi tí ọkọ̀ yín máa ń fì sí bí ẹja bá kún inú rẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá rin níbi méjì, èyí tó wà lókè ni kí o gbàgbọ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òun náà ń wo òkè.

6. Má mú gbogbo bóòtì le nítorí pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Èmi mú fíltà tí kò ṣẹ̀ le, mo fi páìpù tó ṣẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Bóòtì tí a bá mú le jù yóò já, yóò sì di ihò tuntun. Wo ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí pẹ̀lú. Bí ìdọ̀tí bá dí i, ọ́ìlì yóò máa jáde níbi tó bá wù ú, o ó sì máa pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń dí àárín irin lásán. Bàbá rẹ máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbí pé, "Ẹni tí ẹ bá dí nímú, ibòmíràn ni yóò gbà mí, ẹ má sì bi í pé ibo." O ti gbọ́ ọ rí. Ìwọ lo máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ọ́ìlì tó bá ti dàpọ̀ mọ́ omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀, má fà á dà sínú ọ̀sà. Ẹlòmíràn ń pẹja níbẹ̀.

7. Ọ̀gá ọkọ̀. Èyí ló ṣòro jù, òun ni n kò sì lè bá ọ ṣe. Yóò dé lọ́jọ́ Ẹtì láti gba ìwé náà. Yóò ní, "Ẹlẹ́rọ, ṣé o fẹ́ kí ẹja bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ni?" Bóyá yóò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé obìnrin ni ọ́, ẹ̀rù ń bà ọ́. Má jiyàn. Kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò tíì rí ibi tó ti ń jò. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí." Bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú. Ìbínú kì í jó ènìyàn lọ́wọ́. Ọ̀gá tèmi kò tilẹ̀ bínú. Ó kàn béèrè ni, ìtìjú sì mú mi láti sọ pé n kò mọ̀. Ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ìwé tí a bá fi ìtìjú fọwọ́ sí kò yàtọ̀ sí i. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ló wà láàárín ipò tèmi àti tìrẹ: èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo lè sá. Inú ọkọ̀ tó wà láàárín omi kò ní ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn ń sá gbà. Èyí ni mo ń rò láti ọjọ́ Àìkú. N kò rò ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kì í jẹ́ kí ọkàn mi rò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

8. Ohun tí o bá rí ni kí o kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ohun tí o kò rí, kọ ọ́ pé o kò rí i. Má kọ ohun tí yóò gbà ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ káàtó, orúkọ tìrẹ ni kí o kọ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tí kò lè dáhùn.

Mo rò pé mo ti parí, ṣùgbọ́n ohun kan kù.

Ní ọjọ́ tí ìwé rẹ dé pé wọ́n ti gbà ọ́ láti kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjìnì, o ń jó ní pálọ̀. Bàbá rẹ jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé inú ló ń bí i nítorí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó wọlé, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé orúnkún, ó ń wò ó. Ó ní, "Kọ́ ọmọ yìí bí a ṣe ń wo òkè."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún tí a fi jẹ́ tọkọtaya, ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà wáyé láàárín wa. Mo ní n óò kọ́ ọ. N kò kọ́ ọ. Bí mo bá kọ́ ọ, ìwọ yóò béèrè ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo dákẹ́ títí a fi sin bàbá rẹ, mo tún dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, títí ìwọ fi sọ fún mi lórí fóònù pé ilẹ̀ rẹ mọ́.

Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ kà: *Mo ti rí i, mo ti tún un ṣe,* tàbí *N kò fọwọ́ sí i.* N kò fẹ́ ẹ̀kẹta. Má kọ *ẹ má ṣèyọnu* sí mi mọ́.

Ohun tó kù nìyí, n kò sì ní sọ̀rọ̀ nípa wọn.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa bóyá kí o fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ti dáhùn rẹ̀ lókè.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa àbúrò mi. Èmi ni yóò lọ bá a ní Owódé.

N kò ní sọ̀rọ̀ nípa ìdí tí bàbá rẹ fi wá mi dé Ìlaròó lẹ́yìn ohun tí mo kọ, tàbí ìdí tó fi fẹ́ mi, tàbí bóyá ó dárí jì mí. Má bi mí. Má bi àwọn ará Ihunbo. Wọn kò mọ̀. N kò ní sọ ọ́ lẹ́nu, n kò ní kọ ọ́ sórí ìwé mọ́. Bí o bá wálé, wo àwòrán rẹ̀ lára ògiri bí o ti máa ń wò ó, jókòó, kí o jẹun.

Ṣí agolo náà báyìí. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Èmi ni,
Màmá rẹ.